Ẹyin Ẹtù Tí Mo Pè Ní Òbu

Títí dòní, ojú ń tì mí bí mo bá rí ẹyin ẹtù. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tán nínú mi.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dẹmókírásì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde ni wọ́n rán mi lọ sí ìlú Alafiarou. Mo ní alùpùpù, mo ní tọ́ọ̀ṣì, ìgbéraga mi sì ju méjèèjì lọ. Wọ́n ti kọ́ wa bí ọmọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹyin: àmì funfun kékeré kan lórí pupa ẹyin ni, yóò pín sí méjì, méjì yóò di mẹ́rin, títí yóò fi pọ̀ lọ súà. Ọkàn á ti máa lù kí ìyẹ́ tó hù. Bí a bá tan iná sí ẹyin adìyẹ lọ́jọ́ karùn-ún, okùn ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín á hàn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Bí kò bá sí nǹkan, òbu ni.

Àìsàn ti pa gbogbo ẹtù obìnrin àgbà kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tata Sálámátù. Ẹyin mẹ́rìnlá ló kù tó fẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀. Ó kó wọn sábẹ́ adìyẹ, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀, torí ẹtù kì í fara balẹ̀ sàba. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo wọ yàrá rẹ̀ tó ṣókùnkùn, mo tan iná sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò rí nǹkan kan.

"Tata, òbu ni gbogbo wọn. Ẹ dín wọn jẹ."

"Ṣẹ́fù," ó pè mí bí wọ́n ti ń pe òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, "ẹyin ẹtù nìyí o. Èèpo rẹ̀ le, kì í tètè fi inú hàn. Ẹ jẹ́ á dúró díẹ̀."

"Ṣé adìyẹ kọ́ ló sàba lé wọn ni?"

Adìyẹ ni mo fi ka ọjọ́ fún ọmọ ẹtù! Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, èmi fi tọ́ọ̀ṣì wá a, n kò rí i. Kó má baà ṣiyèméjì mọ́, mo gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sínú rẹ̀ nínú òkùnkùn níbẹ̀. A gbé e síta. Nínú oòrùn, àmì pupa bí orí abẹ́rẹ́ wà lórí wọn, wọ́n ń lù kì-kì-kì.

"Ọkàn wọn nìyẹn, àbí?" ló bi mí. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo ìkòkò náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, níbi ìpàdé àwọn obìnrin tó ń sin ẹtù, ẹnì kan bi í pé, "Tata, ẹyin yín ńkọ́?"

"Ológbò ló jẹ wọ́n," ni ó wí. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Wọ́n bú ológbò dáadáa, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe lè máa lé e. Mo sì dìde, mo kọ́ wọn.

Láti ìgbà náà, n kì í tan iná sí ẹyin ẹtù kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni mo sì kọ́ gbogbo àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́. Wọ́n rò pé inú ìwé ni mo ti rí i. Tata Sálámátù ti kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ará Alafiarou, kì í ṣe ológbò.