Fèrèsé Yàrá Ìyá Mi

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́jà Santana, níbi tí mo ti ń tà á, nígbà tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn pè mí lórí fóònù. Ó ní àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìyá mi ti jáde, ikọ́ ife ni. Kí n mú un wá gba oògùn lọ́la, kí n sì mú ọmọ mi dání, torí gbogbo ẹni tó bá ń bá a gbé ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Mo ní ó dáa, mà. Oníbàárà kan dúró, mo wọn ẹ̀wà fún un. N kò mọ ohun tí mo wọ̀n.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìyá mi ti dé láti Ọ̀wọ̀ wá bá wa lẹ́yìn odi, tòun tikọ́. A ní ọyẹ́ ni. A ní èéfín ni. Ó jẹ orógbó títí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń sùn, inú mi sì ń dùn sí i, torí Yorùbá tí mo ti ń bá a sọ látìgbà tí mo ti bí i, tó ń fi Pidgin dá mi lóhùn, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Lọ́jọ́ yẹn, mo ya ife, abọ́ àti ṣíbí ìyá mi sọ́tọ̀, mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ìdí wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé nìyẹn: má bá oníkọ́ ife jẹun pọ̀. Ìyá mi yí abọ́ náà dé, ó wò ó.

"Abọ́ mi ń ròde ni, tó fi kun èékánná? Àbí ẹ̀tẹ̀ ló ń ṣe mí?"

"Ẹ má bínú, Màámi."

"N ò bínú. Bu ọbẹ̀ sí i."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún ìyá mi lóògùn, wọ́n yẹ èmi náà wò, kò sí nǹkan, wọ́n sì ya àwòrán àyà ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì bi mí ibi tó ń sùn. Mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá fèrèsé yàrá náà máa ń wà ní ṣíṣí. Mi ò lè purọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti tì í pa. Ẹ̀rọ omi tí gbogbo ilé ti ń pọnmi ni fèrèsé náà kọjú sí, aládùúgbò kan sì ti sọ pé, "Mama dis cough don tey o!" Ojú tì mí, mo tì í.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n mo ti ya abọ́ wọn sọ́tọ̀."

"Madam, na breeze e dey follow. No be spoon."

Ó rẹ òun náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní kò sí orílẹ̀-èdè tí àìsàn yìí ò dé, pé oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń fi ikọ́ pamọ́ nítorí ìtìjú.

A dúró de èsì ọmọ náà fọ́jọ́ mẹ́rin. Mi ò lè jẹun. Bó bá sín, màá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ó gbóná. Nígbà tó jáde, wọ́n ní àìsàn náà ò tíì mú un, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lo oògùn ìdènà fóṣù mẹ́ta. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Nílé, ọmọ mi pa ẹnu dé mọ́ oògùn náà. "Mummy, I no dey cough. Na Grandma dey cough. Why I go drink am?"

Ó ti rẹ̀ mí débi pé irọ́ ì bá rọrùn. Mo gbé e lé ẹsẹ̀.

"Òótọ́ ni, o ò wúkọ́. O ò ṣe nǹkan kan. Grandma náà ò ṣe nǹkan kan, àìsàn ló ṣe wọ́n. Èmi ni mo ti fèrèsé mọ́ ẹ̀yin méjèèjì, torí mi ò fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò gbọ́ ikọ́ wọn. Tí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kó o bínú sí. Ṣùgbọ́n la ẹnu, ọmọ mi, kí ikọ́ náà má bàa mú ọ. Jọ̀ọ́, la ẹnu."