Orúkọ Tí Ọwọ́ Mojírádé Kọ̀ Láti Kọ

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹta, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pé ọdún méjì, Nọ́ọ̀sì Mojírádé ṣí kúlà tí wọ́n fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára, òórùn ẹmu ló kọ́kọ́ kí i. Yìnyín ti yọ́ tán. Ìgò oògùn èèyi ń léfòó nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lórí bẹ́ǹṣì níta, àwọn ìyá tó ti fẹsẹ̀ rìn láti abà kòkó láti ìdájí gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n ń retí.

"Gbajúmọ̀," ni Mojírádé wí, "kí lẹ gbé sínú kúlà yìí?"

Ọkùnrin tó fi kẹ̀kẹ́ gbé kúlà dé nu òógùn ojú rẹ̀. "Ìyàwó, má bínú. Àwọn tó ń bá mi mọlé ló fẹ́ nǹkan tútù. Mo kàn gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu sí i fúngbà díẹ̀ ni."

Fúngbà díẹ̀! Aago méje ló gba kúlà ní ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀sán ti ń pọ́n kó tó dé. Mojírádé da gbogbo oògùn náà nù, ó sì jáde lọ sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n máa lọ sílé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó ní, "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé, Nọ́ọ̀sì." Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn dun Mojírádé ju èébú lọ.

Ẹ ó béèrè pé irú ọ̀gá wo ló ń pe ìránṣẹ́ ibiṣẹ́ ní "ẹ," tí ìránṣẹ́ ń pè é ní "ìyàwó." Òótọ́ ni, Mojírádé ni olórí ilé ìwòsàn kékeré yẹn, lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ni ọkùnrin náà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n gbé Mojírádé wọlé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un, obìnrin ilé kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Mojírádé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Gbajúmọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí ìlú ọkọ rẹ̀, ó bá Gbajúmọ̀ níbẹ̀, ó jókòó pa sórí àga bí ẹni tó ni ilé ìwòsàn.

Ọ̀gá náà kò lè dá a dúró, kò lè gé owó rẹ̀, kò lè gbé e lọ ibòmíràn. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni gbogbo ìyẹn. Bíìrò nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì lò ó! Ìgbàkígbà tí Gbajúmọ̀ bá pa iṣẹ́ tì, á kọ ìwé kúẹ̀rì, á ní kó fọwọ́ sí i, á sì fi ṣọwọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Gbajúmọ̀ á fọwọ́ sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ní ọjọ́ kejì, Mojírádé gbéra lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè tó ń bójú tó fáìlì òṣìṣẹ́ fa àga fún un.

"Madaámù, lẹ́tà yín mọ́kànlá ló wà níbí. Ṣùgbọ́n a wá ọkùnrin náà títí. A kò ní òṣìṣẹ́ kankan tó ń jẹ́ Gbajúmọ̀."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Mojírádé fẹ́ kọ orúkọ àbísọ ọkùnrin náà, ìyá ọkọ rẹ̀ ló jókòó níwájú tábìlì, ó ń dúró gba oògùn ẹsẹ̀. Ọwọ́ kọ̀, ó kọ Gbajúmọ̀. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ti mọ́ ọn lára.

"Fọlọ́runṣọ́ ńkọ́?" Ìgbà àkọ́kọ́ tó dárúkọ ọkùnrin náà nìyí.

Bámigbóyè fa fáìlì mìíràn yọ. "Àà, ìyẹn! Kò sí àbàwọ́n kankan. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbéga."

Ìgbéga! Mojírádé wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà mọ́kànlá náà. "Gbajúmọ̀" ni ọkùnrin yẹn ń kọ sí ibi ìfọwọ́sí. Ó mọ̀! Ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọ̀wọ̀ tí obìnrin yìí ní fún ilé wọn bo ara rẹ̀ láṣìírí. Ooru ìbínú gun Mojírádé dé orí. Ó gba bébà lọ́wọ́ Bámigbóyè, ó sì kọ lẹ́tà kejìlá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó dé agboolé. Fọlọ́runṣọ́ àti ìyá ọkọ Mojírádé jókòó lábẹ́ igi ọsàn. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ó sì na lẹ́tà sí Fọlọ́runṣọ́.

Fọlọ́runṣọ́ wò ó, ó fò dìde. "Ìyá, ẹ wá wo ìyàwó yín! Ó kọ orúkọ mi! Ó fojú di ulé yìí!"

"Kí ló wà nínú ìwé ọ̀ún?" ni ìyá àgbà béèrè. Kò mọ̀wé.

Mojírádé dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gba lẹ́tà náà padà, ó sì kà á sókè. "Fọlọ́runṣọ́, kí ni ìdí tí o fi gbé ẹmu sínú kúlà abẹ́rẹ́ èèyi, tí oògùn fi bàjẹ́, tí ọmọ mẹ́rìnlélógún fi padà sílé láìgba abẹ́rẹ́?" Ó wá sọ ti "Gbajúmọ̀" tó ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ìyá àgbà kọjú sí Fọlọ́runṣọ́.

"Èèyi kọ́ ló pa Ọmọ́tóyọ̀sí, àbígbẹ̀yìn mi, nínú ulé yìí? Ṣé o ti gbàgbé? Orí ẹní kan náà lẹ jọ ń sùn."



"Fún un ní bíìrò," ni ìyá àgbà wí fún Mojírádé. Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ ni kó o kọ síbẹ̀ o."