Orúnkún Abẹ́ Ìró

Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi, mò ń lọ ìró kan tí mo fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán aṣọ, nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin pè láti ibùdókọ̀ Adjamé.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe samedi, Sátidé tí wọ́n sọ, mọ́ o. Demain matin, àárọ̀ ọ̀la, ni káà tó ń lọ sílé ń gbéra. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ya àwòrán Màmá, òní náà ni."

Màmá wa ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá, wọ́n ti gbé ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní àdúgbò Treichville níbí, nílùú àjò, fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ kí àwòrán wọn kan kù sílé mi, èyí tí mo fọwọ́ ara mi yà. Wọ́n gbà, àmọ́ ojú wọn ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ya ojú, Ọlọ́run á ní kó mí ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìdájọ́. Báwo lèèyàn ṣe wá ń ya ìyá ẹ̀ láìya ojú?

Èmi tí mi ò tíì mọ aṣọ yà. Géńdé tó ń kọ́ wa ní àwòrán yíyà ní Cocody ti wo gbogbo obìnrin tí mo yà, ó ní, "Tàńtí, ta ló wà nínú aṣọ yìí? Pákó?" Òótọ́ ni. Aṣọ mi máa ń tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ta ló fẹ́ gbé ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún jáde nínú aṣọ rírún? Nílé wa, téèyàn bá dìde lórí ìjókòó, á kọ́kọ́ fọwọ́ na aṣọ kó tó rìn. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń na aṣọ àwọn èèyàn tí mò ń yà.

Màmá dé, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí aṣọ bá ti ṣẹ́ po lórí itan wọn báyìí, wọ́n á fọwọ́ nà án.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí wọ́n lè sọ pé n ò ní áyọ́ọ̀nù?"

Nígbà tó yá, oorun gbé wọn lọ, ọwọ́ wọn sì dúró. Ìró náà rọra wálẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Àṣé aṣọ kì í kàn ṣẹ́ po síbi tó wù ú: orí orúnkún ló ti ń gbéra. Mo wo orúnkún tèmi, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n lára Màmá, aṣọ wálẹ̀ tààrà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lọ́wọ́ òsì, ó fà, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí pé wọ́n na ẹsẹ̀ yẹn gbọọrọ, wọn ò ká a. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹsẹ̀ yẹn, tó ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀, ti san.

Mo yà á bí mo ṣe rí i.

Wọ́n jí, wọ́n wò ó títí. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ sùn lọ ni, Màmá."

Wọ́n pòṣé, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Aṣọ tó yẹ kó bò mí ló tú mi fó." Wọn ò ní kí n tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, káà ti lọ, ọmọbìnrin mi na ọwọ́ sí àwòrán náà, ó fẹ́ bá ìyá àgbà na ìró wọn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kò tíì gbẹ. Ṣó o rí orúnkún yẹn? Ó ń dun ìyá àgbà. Tí wọ́n bá délé tá a pè wọ́n, kó o bi wọ́n pé báwo ni ẹsẹ̀."