Páànù Funfun Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Omi kànga ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ pupa bí irin tó dógùn-ún, inú sì máa ń run wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó ń lọ sí yunifásítì. Fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó fi ohun funfun kan bí ẹfun bo páànù, ó sì yan án nínú iná. Ó ní bí a bá rì í sómi, tí oòrùn ràn sí i, funfun yẹn á pa kòkòrò àìsàn.

"Bó bá ń pa kòkòrò, kí ni yóò dá ìfun mi sí?"

"Ọ́ńkù, ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìfun mi ò bá mi rín in.

Ó ti sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé bó bá wá yẹ iṣẹ́ náà wò, èmi ni n ó kọ́kọ́ mu omi náà lójú gbogbo ayálégbé. Bí iṣẹ́ náà bá yege, ó jáde nìyẹn. Bí kò bá yege, ó di ọdún mìíràn.

Panẹ́lí-bítà ni mí ní Malu Road, mo ń tún ara mọ́tò ṣe, mo sì ń kùn ún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe lọ pàdé olùkọ́ lójú ọ̀nà báyìí, mo fi sáńdípépà ha gbogbo funfun ara páànù rẹ̀ dànù. Mo wá fẹ́ puráímà funfun sí i, irú èyí tí à ń fẹ́ sára mọ́tò ká tó kùn ún. Puráímà, ojúlùmọ̀ mi ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fà á símú, kò tíì pa mí.

Olùkọ́ kán aró búlúù sínú abọ́ omi méjì, ó ri páànù sínú ọ̀kan. Ó ní bí funfun yẹn bá ń ṣiṣẹ́, aró tó wà lọ́dọ̀ páànù ló yẹ kó ṣá. A jókòó ti oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Omi abọ́ méjèèjì ṣì rí búlúù bí aṣọ ilé-ìwé.

"Ṣé ẹ̀lùbọ́ lo kùn sí i ni?" olùkọ́ bi í.

Àwọn ayálégbé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, tèmi ló ròkè jù. Kò sẹ́ni tó rántí fún mi lómi mu.

Nígbà tí olùkọ́ lọ tán, ọmọ náà gbé páànù wá bá mi.

"Ọ́ńkù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ọ̀dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kí ni mo ṣe sí i?"

Mo fi èékánná ha á, mo mi orí bí ọ̀gá.

"O ò kùn ún dáadáa. Ọwọ́ rẹ ò tíì mọ́ ọn."

Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó tún ọdún náà kà, kò sì yan páànù kankan mọ́ láìkọ́kọ́ gbé e wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò.