Ibi tí Moráyọ̀ Ti Gé Sáárì Auntie Kamala

Moráyọ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ní Thamesmead níbí, tí kò bá lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Belvedere, ìdí máṣíìnì ìránṣọ ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó lábẹ́ tábìlì. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ló máa ń rán aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra wọn títí á fi di ìró. Ó jogún ọwọ́ ìyá yẹn. Sùúrù rẹ̀ ni kò jogún, èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ó máa ń rán bùláòsì fún Auntie Kamala, ará India kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé nítòsí Woolwich Common. Ní Monday kan, màmá yìí gbé sáárì kan fún un, aṣọ sílíkì gígùn, pupa bí osùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, wọ́n sì fi òwú wúrà hun ẹyẹ ọ̀kín sí i lára. Òun ni ìyá màmá náà wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun náà sì fẹ́ wọ̀ ọ́ síbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Saturday.

Ó ní, "Etí rẹ̀ ti ń tú, mo fẹ́ kí o..."

Bọ́ọ̀sì tí Moráyọ̀ fẹ́ wọ̀ ti ń bọ̀. Moráyọ̀ ní, "Ó ti yé mi, Auntie. Ẹ má ṣèyọnu."

Kí ló yé e? Lọ́dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá gbé aṣọ tí wọn ò tíì rán wá bá aránṣọ, kó gé e ló ń sọ yẹn. Ó ti máa ń rí sáárì lára àwọn obìnrin ní Woolwich, ó rò pé wọ́n ń rán an bíi gáùn ni. Ìwọ̀n màmá náà sì wà nínú ìwé rẹ̀. Ó fi ibi tó ní wúrà jù sílẹ̀ fún iwájú, ó ki àlùmọ́gàjí bọ ìpẹ̀kun kejì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fẹ́rànmí, ti iléèwé wọlé. "Mummy, kí lo gé yẹn?"

"Sáárì Auntie Kamala."

"Wọn kì í gé e now. Wọ́n kàn máa ń wé e mọ́ra ni, one long piece."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Everybody, Mummy."

Moráyọ̀ pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dáràn." Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù, láti kíṣìnì dé ojú fèrèsé, láti ojú fèrèsé dé kíṣìnì. Mo ní kó tètè lọ sọ. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé mo gé ìyá rẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì ó tú òwú díẹ̀ láti etí aṣọ náà gan-an, ó sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán ibi tó gé padà bí ìyá rẹ̀ ti ń rán òfì, ó ká etí tó ń tú náà rán. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ní Friday ó gbé e lọ, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Màmá náà ń fi ìka tọ ojú rírán náà. Ó ní, "Ìpẹ̀kun wo lo gé?"

"Èyí tí kò ní wúrà, mà."

Màmá wọ yẹ̀rì, ó ki ìpẹ̀kun yẹn bọ inú rẹ̀ níbi ìbàdí, ó wé ìyókù. Ojú rírán pòórá. "Ikùn mi nìkan ló máa rí i, ikùn mi kì í sì í ṣòfófó. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń jó tó bá já ńkọ́?"

 Ní Saturday, ní Belvedere, ẹ̀ẹ̀mejì ni Moráyọ̀ gbé tíì tí kò ní ṣúgà fún bàbá kan náà, ojú rẹ̀ wà lára fóònù. Ní aago mẹ́rin, fọ́tò dé. Auntie Kamala ń jó, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, àwọn ọ̀kín ń dán. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Kò tíì já."

Moráyọ̀ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi. Mo ní kó wá jókòó wàyí.

Ó ní ó di ìgbà tí màmá bá délé tó bọ́ ọ.