Tábìlì Sweden Tó Há sí Àtẹ̀gùn Wa ní Hulme

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ pè é ní àìsàn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Crumpsall, nílùú Manchester, mo sì rò pé bí àìsàn bá wà lára mi, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀. Ó ní kí n wo pálọ̀ wa. Mo wò ó. Tábìlì ìkọ̀wé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àga kan ṣoṣo.

Inú charity shop kan ní Hulme, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ni mo sá fún wọ ibẹ̀. Tábìlì kan wà ní kọ̀rọ̀, igi tíìkì, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti lékeléke. Kò ní ọnà kankan lára. Mo fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó yọ́ jáde wẹ́rẹ́, kò dún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé Sweden ni wọ́n ti ṣe é, láyé ìgbà tí bàbá mi ṣì wà ní ilé ìwé. Mo ń fà á, mo ń tì í, títí obìnrin tó ń tajà fi bi mí bóyá ara mi yá. Mo rà á, kò sì pẹ́ tí méjì mìíràn fi tẹ̀lé e wálé.

Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, ìyá rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta láti bá wa wẹ ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọ́n wo pálọ̀ yíká.

"Àna mi, ṣé ẹ ti dá ilé ìwé sílẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Mo kàn ń kó wọn jọ ni."

"Ẹ ń kó wọn jọ fún ta ni?"

Mo gbé báàgì wọn wọ yàrá.

Mo ti pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Àfi bí mo ṣe rí i lórí fóònù pé ìyá àgbà òyìnbó kan ní Eccles fẹ́ ta tábìlì rẹ̀, torí pé ó ń kó lọ sí ilé kékeré. Irú èyí tó ní pẹpẹ ìwé lẹ́yìn ni, mo sì ti ń wá a ọjọ́ ti pẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ńṣe ló fi ìbéèrè dán mi wò bí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé oòrùn ń wọ ilé wa? Mo ní oòrùn wo, ní Manchester? Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá tábìlì náà pẹ́pẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé tó jìnnà, ó sì ní kí n máa gbé e lọ.

Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bá mi gbé e. Ọ̀sán Sátidé ni. A gbé e dé ibi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́rí sí òkè kejì, ó há. Kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Èmi wà lókè, arákùnrin wà nísàlẹ̀, tábìlì sì wà láàárín wa bí àna tí kò gbẹ̀bẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ni arákùnrin wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í ná."

Ó ń tì í, ó ń gbàdúrà. Gbogbo ẹ̀mí ìdíwọ́ ló lé kúrò lórí àtẹ̀gùn náà. Tábìlì túbọ̀ há.

Òyìnbó tó ń gbé òkè wa dé pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ajá gba abẹ́ tábìlì kọjá, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀gá rẹ̀ wò wá, ó wo tábìlì, ó ní, "Lovely, that," ó sì kúnlẹ̀, ó rá tẹ̀lé ajá.

Ariwo yìí ló mú ìyá ìyàwó mi jáde, ọmọ lẹ́yìn wọn.

"Kí ló dé?"

"Ó há, mà."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Inú ilé ò kúkú gbà á mọ́." Wọ́n wo arákùnrin, tí òógùn ti bò. "Ṣé ọmọ ọlọ́mọ yìí tiẹ̀ ti jẹun?"

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé ìkòkò ìrẹsì gbígbóná bọ̀ láti inú ilé, wọ́n kọjú sí tábìlì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síbẹ̀!"

"Irú tábìlì wo nìyẹn, tí kò ṣeé jẹun lórí?"

Ìyàwó mi sáré ká ìró tẹ́ sórí rẹ̀. Bí a ṣe jẹun lórí àtẹ̀gùn nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni arákùnrin dúró sí, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Nígbà tí òyìnbó yẹn ń padà bọ̀, wọ́n bu tirẹ̀ fún un. Ata mú un, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dẹ́kun jíjẹ.

Ẹnu ìyẹn la wà tí fóònù mi dún. Ìyá àgbà Eccles ni, ó fẹ́ mọ̀ bóyá tábìlì ti délé láyọ̀. Mo sọ fún un pé ó ti délé, àmọ́ kò tíì wọlé.

"Ṣé o ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀?" ló fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí.

Mo ní ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ ni? Ó ní kí n yí wọn bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò. Mo tẹríba, mo yí ọ̀kan. Ó yí. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Arákùnrin gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ rí i bí Ọlọ́run ṣe ń dáhùn!"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Màmá tẹ́ ọmọ sórí tábìlì tuntun mi, wọ́n ń fi òrí ra á lára, òrí sì ti ta dé gbogbo igi. Mo wá aṣọ láti nù ún. Bí mo ṣe ń nù ún ni igi náà ń dán, àwọ̀ tí mi ò mọ̀ pé ó ní ń jáde. Màmá dúró tì mí, wọ́n ń wò ó. Wọ́n bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì kọjú sí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Màmá pẹ̀lú ìyá ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n ń fa dúrọ́ọ̀ hàn án.

"Sweden ni wọ́n ti ṣe é," ni Màmá ń wí. "Ẹ gbọ́, kò dún."

"Ta ló ń kàwé lórí rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń kàwé lórí rẹ̀. A kàn ń wò ó ni."

Mo bọ́ bàtà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a sì jọ ń wò ó.