Ẹ Kọ́kọ́ Rán Ọmọ Níṣẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìpọ̀nrí, bí àlejò bá wọlé, tó jókòó, tó ń fi ọwọ́ nu ojú láìsọ nǹkan kan, àwa ọmọdé ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ rán wa níṣẹ́ nìyẹn. Bàbá mi á ní kí n lọ bá òun wò ó bóyá òjò ti ń ṣú. Òjò kẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán gangan! Ìyá mi á ní kí n lọ kí ìyá tó ń gbé yàrá iwájú, ẹni tí mo ti kí láàárọ̀, tó sì ti súre fún mi. A ó jáde, a ó jókòó sí ẹ̀bá gọ́tà, a ó máa ṣeré títí wọn yóò fi pè wá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rò pé ẹ̀tàn ni wọ́n ń tàn wá. Ẹ̀tàn kọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ etí ọmọdé, èyí tó sì wúwo jù nínú wọn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó bí ọmọ.

Ilé wa kún fún ọmọ nígbà náà. Ẹlòmíràn, ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹlòmíràn, ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ọkọ mìíràn. Ẹlòmíràn, a ò mọ ibi tí wọ́n ti gbé e wá. Obìnrin tí ọmọ bá ń pè ní màámi, ìyá rẹ̀ nìyẹn. Bí aláìlẹ́kọ̀ọ́ kan bá bi obìnrin náà lójú ọmọ pé, ṣé òun ló bí i, á ní òun ni, á tún fi lé e pé ìrọbí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní irọ́. Ẹni tó béèrè ni a máa ń wò látòkè délẹ̀, tí a ó sì máa bi ara wa léèrè ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ.

Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, káfíńtà ni, ẹ̀gbẹ́ Costain ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, tí mo sọ fún un pé iṣẹ́ wẹ́fíà ni mo fẹ́ kọ́, ó gbé ayùn sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n tún ń kọ́ àánú níléèwé ni?" Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn oníṣẹ́ yìí ló ń gba ọmọ tí wọ́n ń lù ní àlùbami sílẹ̀, àwọn ló ń bá tọkọtaya parí ìjà, àwọn ló ń wá ibùgbé fún arúgbó tí kò lẹ́nì kan. Ó tún gbé ayùn rẹ̀. Ó ní ó dáa, kí n ṣáà rí i pé wọ́n ò kọ́ mi kọjá ibi tó yẹ. Mi ò mọ ohun tó ń sọ nígbà yẹn.

Ìwé la fi bẹ̀rẹ̀. A kàwé títí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Kò sì sí èyí tí wọ́n kọ nílé wa níbí nínú gbogbo ìwé náà, òkè òkun ni gbogbo wọn ti wá. Ìdílé inú wọn, bàbá kan, ìyá kan, ọmọ méjì, ajá kan. Kò sí ìyá àgbà níbẹ̀, kò sí àbúrò bàbá, kò sí alájọgbélé. Mo wá ẹni tó jọ ìyá mi nínú ìwé wọ̀nyẹn títí, mi ò rí i.

Olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá ẹni lẹ́nu wò. Á ní kí ẹni méjì bọ́ síwájú, kí ọ̀kan ṣe oníwẹ́fíà, kí ìkejì ṣe ẹni tó níṣòro. Ọjọ́ tó kàn mí, mo bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa: ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ṣé àlàáfíà la bá yín, àwọn ọmọ ńkọ́? Olùkọ́ dá mi dúró. Ó ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Ó ní kí n béèrè ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ní tààrà, lójú gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn, kí n sì gba ìdáhùn bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má baà dà bí ará oko.

Nígbà tó yá, wọ́n pín wa lọ sí fíìdì. Ohun tí à ń pè ní fíìdì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kíláàsì, kó lọ máa tẹ̀lé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà káàkiri, kí wọ́n sì fún un ní máàkì lẹ́yìn rẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní ìhà Mushin ni wọ́n fi mí sí. Obìnrin kan ni ọ̀gá tí mò ń tẹ̀lé, ọmọ tíṣà ní Yaba, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ rẹ̀ kì í rún láéláé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í pẹ́ dé ibiṣẹ́, ọmọ tí wọ́n bá nà, á bá a sunkún. Ká ní ó jẹ́ ìkà ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá má dùn mí tó báyìí.

Ẹnì kan wá fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì wa pé obìnrin kan wà nínú ilé tí àwọn jọ ń gbé, tó ń tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. A wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ ta ló yẹ kó fọ balùwẹ̀ ló dá ìjà sáàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀gá mi gbé báàgì, mo tẹ̀lé e.

Ìyá Alápò ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Àpò ìrẹsì tó ti ya ló máa ń rà, á rán an, á tún un tà fún àwọn alágbàdo. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ ti funfun. Ojú ọ̀nà ilé la bá a, òun àti ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti iléèwé, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n di irun rẹ̀ rèǹtè-rente. Ọmọ náà ló ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́ nítorí ojú ìyá ò ríran tó mọ́. "Màámi, ó ti wọlé," ló máa ń wí, á sì na abẹ́rẹ́ sí i. Ìyá á ní, "O ṣeun, olówó orí mi." Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Ẹni tó bá rí wọn kò nílò láti béèrè ohunkóhun.

Ìyá Alápò gbé àga fún wa, ó fi omi lọ̀ wá. Ọ̀gá mi ní a kì í mu omi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣí báàgì, ó jókòó dáadáa.

"Màmá, ta ló bí ọmọ yìí?"

Mo wo ọmọ náà. Ìyá Alápò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni mo bí i o." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Lọ bá mi wò ó bóyá aláta ti ṣí ṣọ́ọ̀bù."

"Rárá o, ẹ jẹ́ kó jókòó," ọ̀gá mi wí. "Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ là ń sọ, ó ní ráìtì láti gbọ́ ọ."

Ìyá náà wá wo ojú mi. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ ló wà lójú rẹ̀ yẹn, ó ń fi bẹ̀ mí. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí èmi àti ọmọ yìí lọ ra bisikíìtì níwájú níbẹ̀ yẹn."

"Jókòó jàre! Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ ní kíláàsì nìyẹn? Ṣé o fẹ́ ba kéèsì mi jẹ́ ni?" Ó tún kọjú sí ìyá. "Màmá, mo tún ń bi yín o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lóyún ọmọ yìí, tẹ́ ẹ bí i?"

"Èmi ni, mà. Ìrọbí rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi."

"Pẹ̀lú ewú orí yín yìí?"

"Ọlọ́run ló ṣe é fún mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fara ti itan rẹ̀. Ọ̀gá mi ò rí ìyẹn. Ohun tó rí ni àgbàlagbà tó ń purọ́ lórí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ti rò ó pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n jí i gbé. A mú ọmọ náà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, a gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Igbe tó ké, gbogbo àdúgbò ló jáde.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Ìyá Alápò ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ìró àti bùbá tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó, ó sì rọ́ gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun. Ó ní obìnrin tó bí ọmọ náà bá òun gbé inú ilé yẹn ni, ó kú lẹ́yìn ìbímọ, kò sí ẹbí kankan tó yọjú. Ó ní òun ni òun wẹ ọmọ náà, òun sì ni òun gbé e pọ̀n láti ọjọ́ náà. Ó dárúkọ àwọn tó lè jẹ́rìí sí i.

Ọ̀gá mi ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá?"

"Ọmọ wà níbẹ̀, mà."

"Lánàá, ẹ ní ẹ̀yin lẹ bí i. Lónìí, ẹ ní ẹ̀yin kọ́. Èwo ni kí n gbà?"

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé. "Méjèèjì ni, mà."

Mo bẹ ọ̀gá mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣàlàyé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òfin ò mọ ìyẹn. Mo gba ọ̀dọ̀ olùkọ́ mi lọ, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá sí kéèsì ọ̀gá rẹ̀, pé kí n wò, kí n sì kẹ́kọ̀ọ́. Mo wò ó. Mo kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mo kọ́ kò sí nínú ìwé kankan.

Wọ́n ṣèwádìí. Wọ́n bi àwọn ará ilé, wọ́n bi ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti gbẹ̀bí ọmọ náà. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ Ìyá Alápò ti yẹ̀. Lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ tán, tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, àwọn àgbà ọ́fíìsì ní kí a dá ọmọ padà fún un. Inú ọ̀gá mi dùn, inú rẹ̀ dùn dénú. Ó fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ tuntun fún ọmọ náà. Ó ní, "Ṣé o ti rí i báyìí? Tá a bá tẹ̀ lé ìlànà, òótọ́ máa ń jáde."

Àmọ́ kí wọ́n tó dá a padà, ìlànà tún ní ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí òun jẹ́. Wọ́n mú un jókòó, wọ́n rọra bá a sọ̀rọ̀ bí ìwé ṣe ní kí wọ́n sọ ọ́, wọ́n fún un ní mílíìkì mu. Mi ò sí níbẹ̀. Nínú mọ́tò, ọmọ náà jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé aṣọ tuntun náà.

Ìyá Alápò ti dúró dè wá níwájú ilé, àwọn ará ilé yí i ká, tó fi mọ́ ẹni tó fẹjọ́ sùn. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọmọ mi! Olówó orí mi!"

Ọmọ náà rìn lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ dáadáa nínú aṣọ tuntun. "Ẹ káàsán, mà."

Ọwọ́ ìyá náà ṣì wà lókè. "Mà kẹ̀? Ta ló kọ́ ẹ ní mà?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi, mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún wọn fúnra yín."

Mo retí kó bú wa, kó ṣépè fún wa. Ì bá sàn fún mi. Ó kàn wo ọ̀gá mi, ó wò mí, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Wọlé wá jẹun."

Wọ́n fún mi ní máàkì tó ga jù nínú fíìdì ọdún yẹn. Ọ̀gá mi wá sí kíláàsì wa, ó sọ ìtàn ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ iṣẹ́ tó yọrí sí rere, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jókòó sẹ́yìn, mi ò pàtẹ́wọ́. Mo máa ń yà kí Ìyá Alápò títí ó fi kú. Ọmọ náà tọ́jú rẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fẹnu bà á jẹ́, ó ń fọṣọ fún un, ó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un. Àmọ́ "mà" ló ń pè é títí wọ́n fi gbé e sin.

Mo ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dún yìí, wọ́n pè mí pé kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ sí fíìdì sọ̀rọ̀. Kíláàsì wọn tutù nini, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, oníkálukú gbé kọ̀ǹpútà síwájú. Ìtàn tí mo sọ fún yín yìí ni mo sọ fún wọn. Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an, Daddy. Àmọ́ kí ló dé tí màmá yẹn ò kàn sọ òótọ́ látìbẹ̀rẹ̀? Ṣebí irọ́ tí wọ́n pa yẹn ló fa gbogbo wàhálà?"

Àwọn tó kù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Olùkọ́ wọn náà mi orí. Mo wo ojú wọn yíká, ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Láyé ìgbà tiwa, ìwé ló ń bá ilé jà, ẹnì kan sì ṣì máa ń wà lẹ́yìn kíláàsì tí kò ní pàtẹ́wọ́. Ní báyìí, ìjà ti parí, ilé ló fìdí rẹmi. Mo ní ó ṣeun, mo jókòó. Àwọn ni wọ́n máa lọ kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn ní Mushin lọ́jọ́ Ajé.